Ọ̀nà Gbòòrò Tó Lọ sí Etí Omi

Ìsọ̀ táyà, Kofar Doya, Sókótó.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Ràṣídì ọmọ mi, Àlàó,

Má lọ sí ibi tí o sọ fún ìyàwó rẹ yẹn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú nínú lẹ́tà bàbá sí ọmọ, àmọ́ mo ti gbé ìkíni sí ìsàlẹ̀, wàá bá a níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò jẹ́ kí n ráyè kí ọ. Má lọ.

Mo ń wò ó bí o ṣe ń fa ojú ro. O ń sọ nínú ara rẹ pé Bàbá ti tún gbé e dé. Máa fa ojú ro náà, ṣáà máa kà á lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń mu kókó kí n tó kúrò nílé, Bílíkísù gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní kí èmi àti ìyá rẹ wá gbọ́ ohùn tí ọkọ òun gbà ránṣẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ìyá rẹ sì ní kò ní pẹ́ mọ́. A gbọ́ ọ tí o ń sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí ní Yauri dára, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gbọ́ràn, àti pé o ti rí ibi tí o ó ti máa pẹja. O ní ẹja ń fò níbẹ̀ bí ẹ̀wà tó ń hó. Kò sí ọkọ̀, kò sí àwọ̀n, kò sí ariwo ẹnikẹ́ni. O ní ọ̀nà gbòòrò kan gba inú koríko lọ síbẹ̀, koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú bí ẹni pé wọ́n gé e dè ọ́, ọ̀nà náà sì ní ipa méjì pẹ̀lú koríko díẹ̀ láàárín, bí ibi tí mọ́tò ti ń gbà. O wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. O ní, "Bí Bàbá bá rí i, wọ́n á sọ irú táyà tó gba ibẹ̀."

O ní ìwọ nìkan lo máa lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ilẹ̀ tó mọ́, àti pé ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an, níbi tó ti wọ omi, lo máa jókòó sí torí pé ibẹ̀ tẹ́jú. O fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ pa ẹja àrọ̀ tí a ó fi sọ ọmọ rẹ lórúkọ.

Ìyá rẹ ṣàdúrà fún ọ. Èmi gbé ife kókó mi sílẹ̀.

N kò tíì mọ ohun tó jẹ́ nígbà yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀nà mọ́tò kì í ṣàdédé wọ inú omi lọ. Mo pe fóònù rẹ títí, kò wọlé. Bílíkísù ní láti ìgbà tí ohùn yẹn ti dé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ lọ́dọ̀ yín, ó ní ó máa ń lọ bẹ́ẹ̀, kí n má dààmú. Mo ní kó fi ohùn náà ránṣẹ́ sí fóònù tèmi, pé ó dùn mọ́ mi, mo fẹ́ tún un gbọ́. Irọ́ ni mo pa fún un.

Ọlọ́run ló rán Sani sí mi. Sani ni awakọ̀ tó ń kó ẹrù láti Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú wa, lọ sí apá ọ̀dọ̀ yín. Ọmọ Yauri ni, etí omi ni wọ́n ti bí i. Ó wá lẹ táyà lónìí, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ìsọ̀, ó ń jẹ obì. Mo gbé ohùn rẹ sí i létí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún un bí o ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí o sọ̀rọ̀ ẹja, ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí a dé ibi ọ̀nà, ó dá obì jíjẹ dúró.

Ó ní kí n tún un gbé sí i. Mo tún un gbé.

Ó bi mí bóyá mọ́tò kankan wà tó lè dé ibẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun mọ̀, kò sí. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ lo sọ pé ipa méjì ni, tí koríko wà láàárín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tu obì ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Malam, wannan ba hanyar mota ba ce. Hanyar dorina ce."

Ràṣídì, o ti gbé Sókótó tó láti mọ Hausa ju èmi lọ. Àmọ́ bóyá wọn kò kọ́ ọ ní èyí nílé ẹ̀kọ́, torí kò sí nínú odò tiwa. Ọ̀nà dorina ló pè é, kì í ṣe ti mọ́tò, dorina sì ni àwa ń pè ní erinmi. Sani ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú ló máa ń jáde nínú omi lọ jẹ koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì lápá ọ̀tún àti méjì lápá òsì ni í sì máa la ipa méjì yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni í máa ń padà, ọ̀nà kan náà ni í sì ń gbà. Bó bá bá èèyàn láàárín òun àti omi, kì í yà fún un. Ó ní ìbátan òun kan wà tí wọ́n bá apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nírú ibẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá.

Nítorí náà, o ní n ó sọ irú táyà tó gba ibẹ̀. Mo ti sọ ọ́. Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká gbà pé a rí erin. Ibi tí o fẹ́ jókòó sí, lákòókò tí o fẹ́ jókòó síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ẹran náà ni, nígbà tó bá ń wọlé.

Mo ní kí Sani jọ̀ọ́ dúró kí n kọ ìwé. Ó ní òun máa dúró di ìrun Alásárì, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé òun náà lè sọ fún ọ lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ tó jẹ́ tíṣà, ṣé ó máa gbọ́ ti awakọ̀?" Mo mọ ẹni tí mo bí. Bí ẹlòmíràn bá ní kí o má ṣe nǹkan, ìgbà yẹn gan-an ni ara rẹ máa ń yá sí i. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ fúnra mi nìyí, tí n kò sì ní dá a dúró sórí "má lọ" nìkan.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀kọ́ mi lo ń tẹ̀ lé. Ṣé o rántí, nígbà tí o wà ní kékeré, tí a bá kirun Jímọ̀ tán, tí a ó gbé agolo ìwọ̀ wa, a ó kọjá àwọn tó ń fọṣọ àti àwọn tó ń fún màlúù lómi, a ó máa lọ títí a ó fi dé ibi tó dákẹ́? Mo máa ń sọ fún ọ pé, "Ibi tí èèyàn kò bá sí, ibẹ̀ ni ẹja wà." Òótọ́ ni, fún odò tiwa. Odò tó jẹ́ pé nínú ẹ̀ẹ̀rùn àgùntàn lè rìn ín kọjá, kí ló wà nínú rẹ̀ tí yóò pa èèyàn? Omi ọ̀dọ̀ yín kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ ọ. Jẹ́ kí n kọ́ ọ ní ìdajì tó kù kí Sani tó dìde.

Àkọ́kọ́: bí ẹja bá pọ̀ níbì kan tí èèyàn kò sì sí níbẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ni. Yálà ẹnìkan ń pa omi náà mọ́, tàbí nǹkan kan ń lé èèyàn níbẹ̀. Kò sí ẹ̀kẹta. Àwọn tó ń gbé etí omi kì í ṣe afọ́jú tí wọn ó máa dúró de àlejò kó wá bá wọn rí ẹja. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Èyí tí wọ́n ń pa mọ́, mo ti fi orí ara mi kàn án. N kò tíì pẹ́ tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé nígbà náà, n kò tíì fẹ́ ìyá rẹ. Èmi àti Lásísì tó jẹ́ télọ̀, ẹni tí o mọ̀ sí Bàbá Télọ̀, la rí adágún kan lẹ́yìn abúlé kan lọ́nà Kware. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Wáyà táyà ni mo fi ṣe ìwọ̀, a gé sílípáàsì tó já fi ṣe èyí tó ń léfòó. Bí a ṣe ń jù ú ni ẹja ń gbé e. Lásísì bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn, ó ní àwọn ará abúlé yìí jókòó ti oúnjẹ, wọn kò mọ̀ ọ́n jẹ. Bàbá arúgbó kan bá yọ sí wa. Ó kí wa dáadáa, "Sannunku da hutawa," ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè àwọn òbí wa. Ó kí wa títí tí Lásísì fi mú ẹja kan fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó ní, "Na gode." Ó wá sọ fún wa pé òun ni Sarkin Ruwa, olórí omi náà, àti pé ẹja òun la fi ta òun lọ́rẹ yẹn. Láti ìgbà òjò ni wọ́n ti pa adágún náà mọ́ kí ẹja inú rẹ̀ lè dàgbà, di ọjọ́ tí gbogbo abúlé yóò jọ wọ inú rẹ̀. Ọmọdé wọn pàápàá kì í ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Kò nà wá, kò bú wa. Ó gba ìwọ̀ wa, ó fi kọ́ igi iwájú ilé rẹ̀, ó ní ká padà wá gbà á lọ́jọ́ náà. Gbogbo ìgbà tí n bá gba ọ̀nà yẹn kọjá ni mo ń rí ìwọ̀ mi lórí igi, ojú ń tì mí bí ẹni tí wọ́n sá aṣọ rẹ̀ sí gbangba. Nígbà tí ọjọ́ pé a lọ, ó já ìwọ̀ náà fún wa, ó sì fi wá sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé omi tí n kò mọ̀, ilé olórí omi ni mo ń kọ́kọ́ béèrè.

Torí náà, má ṣoríkunkun tí o bá fẹ́ pẹja níbẹ̀. Lọ bá Sarkin Ruwa ọ̀dọ̀ yín, Sani á fi ilé rẹ̀ hàn ọ́. Mú obì dání. Má bi í níbi tí ẹja wà, gbogbo èèyàn ló ń bi í ní ìyẹn. Ìbéèrè tí o máa bi í ni pé, ibo ni ẹ kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ yín lọ wẹ̀? Bó bá ti dáhùn ìyẹn, kó o wá jókòó sí ibòmíràn tó bá kù. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìkejì. Omi kì í dúró bó o ṣe bá a. Ìwọ àti èmi la jọ mọ èyí, àmọ́ o kéré, bóyá o ti gbàgbé. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run, mo fi ọ́ sórí yanrìn láàárín odò, o ń kọ́ ilé. Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìfófòó àti pàǹtí igi kéékèèké ń ṣàn bọ̀. Mo wò ó, mo ní bóyá màlúù ló wọ omi lókè. Fulani kan tó wà létí odò ló pariwo lé mi lórí. Kí n tó gbé ọ sí èjìká, omi ti dé orúnkún mi. Kí n tó dé òkè, yanrìn tí o ń kọ́lé sí kò sí mọ́. Òkè ọ̀nà jíjìn ni òjò ti rọ̀. O sunkún nítorí bàtà rẹ tó bá omi lọ, mo ní n ó ra òmíràn. Bí omi bá ti pa àwọ̀ dà, má dúró wo ìdí rẹ̀, máa gun òkè.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Sani ti ń de táyà rẹ̀.

O sọ nígbà kan pé tí o bá gba ìsinmi, wàá lọ sí Badagry lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, pé wàá pẹja létí òkun. Èmi ti dé ibẹ̀ rí. Mo rò pé ẹni tó mọ odò mọ òkun. Mo dúró sí ibi tí ìgbì kò ti ga, torí ojú mi rí i bí ibi ìrọ̀rùn. Obìnrin kan tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja di ẹ̀wù mi mú, ó fà mí sẹ́yìn bí ẹni ń fa ewúrẹ́, ó ní ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń padà wọ inú òkun lọ, tó sì ń gbé èèyàn lọ. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Ibi tó tẹ́jú, tó dákẹ́, tó rọrùn, nínú omi tí o kò mọ̀, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rù.

Kì í ṣe pé mo ní kí o má pẹja mọ́. Ọ̀nà kan kò wọjà. Lọ sí etí omi tí àwọn ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, tí àwọn obìnrin ti ń fọ ẹja. Ìdọ̀tí ẹja tí wọ́n ń dà sómi ń pe ẹja mìíràn, ariwo wọn kò lé e. Wo ibi tí odò kékeré ti ń ya wọ inú omi ńlá, wo abẹ́ igi tó da òjìji sómi tí oòrùn bá mú, wo ẹ̀yìn àpáta. Wo ibi tí lékelèke dúró sí tí kò mira. Jẹ́ kí oòrùn yọ dáadáa kí o tó lọ, kí o sì jókòó síbi tí èèyàn ti lè gbọ́ ọ bí o bá ké. Ẹja tí o bá pa níbẹ̀ lè kéré. Ìyá rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹja kékeré.

Nípa ẹja ìkómọ, jọ̀ọ́, a ó rà á. Èmi fúnra mi á lọ Babbar Kasuwa, n ó mú àrọ̀ tó gùn jù nínú abọ́ ẹlẹ́ja, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi mí pé ta ló pa á. Wọ́n á bi mí pé bàbá ọmọ ńkọ́.

N kò tíì sọ fún Bílíkísù. N kò sọ fún ìyá rẹ. Mo jókòó sí ìsọ̀, mo ń fi táyà ṣe bojúbojú, torí bí mo bá délé báyìí wọ́n á ka ojú mi. Ọmọbìnrin yẹn ti hun fìlà sílẹ̀ fún ọmọ, ó fi ohùn rẹ sí etí ikùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ní kí ọmọ gbọ́ bàbá rẹ̀. Bí mo bá sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, ṣé á lè sùn? Bí n kò bá sì sọ, tí ilẹ̀ Àbámẹ́ta mọ́, kí ni n ó sọ fún un? Àlàó, ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bò ó. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí, mo ń sáré kọ èyí kí ọ̀nà má bàa dí.

Bí o bá fẹ́ bínú sí mi pé mo pa ìgbádùn rẹ, bínú. Bó o bá fẹ́ sọ fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ pé ojo ni bàbá rẹ, sọ ọ́. Mo lẹ táyà ní Kofar Doya títí o fi di tíṣà, ẹ̀rín yẹn kò lè pa mí.

Sani ti dìde. Ó ní òun á dé ọ̀dọ̀ rẹ lálẹ́ òní, ọ̀la Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni òun á gbéra padà, òun á sì kọjá níwájú ìsọ̀ mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, má kọ ìwé sí mi. Má ní kó sọ fún mi pé o ti gbọ́. Láti kékeré lo ti ń sọ pé o ti gbọ́. Agolo mílíìkì tí mo wé okùn ìwọ̀ mọ́ fún ọ lọ́jọ́ tí o ń lọ, fi lé Sani lọ́wọ́ kó mú un bọ̀ fún mi. Bí mo bá ti rí agolo náà, n ó lọ sílé, n ó jẹun. Bí n kò bá rí i, mo ti bá awakọ̀ tó ń lọ lálẹ́ sọ̀rọ̀, èmi náà á wọkọ̀ náà, n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ títí oòrùn Àbámẹ́ta yóò fi yọ. Lẹ́yìn ìkómọ, n ó fi ọwọ́ mi gbé agolo náà wá fún ọ, a ó jọ lọ bá Sarkin Ruwa.

Ìkíni tí mo ṣèlérí wá nìyí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ìyá rẹ kí ọ, ìyàwó rẹ kí ọ, Bàbá Télọ̀ ní kí n bá òun kí tíṣà. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọ.

Bí Sani bá dúró níwájú ìsọ̀ mi lọ́la, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò kí n tó wo táyà rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.